Ìyá Funfun àti Afẹ́fẹ́ Òkèèrè

Òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹyọ irọ́ kan bá wà níbẹ̀, kí gbogbo rédíò tí mo ti fọwọ́ mi tún ṣe láyé yadi lọ́jọ́ kan náà. Rédíò tí mo ti tún ṣe kò sì kéré. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. N kò jókòó nínú kíláàsì rí. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé bá jù nù ni mo fi kọ́ ara mi ní á-bí-dí, irin tí wọ́n bá jù nù ni mo fi kọ́ ara mi níṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní géńdé, mo tún rédíò kan ṣe tó ń sọ̀rọ̀ láìní bátìrì nínú. Àwọn tó gbọ́ ọ ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ.

Ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ ó yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìtàn Ìyá Funfun ni. Alágbàfọ̀ ni, òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń gbé nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lókè pátápátá nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Èmi wà ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí mo ti ń tún rédíò ṣe. Nítorí náà, kò sí ìgbà tó gùn ún tàbí tó sọ̀ kalẹ̀ tí n kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo mọ ìgbà tí báàfù orí rẹ̀ ṣófo, mo mọ ìgbà tó kún.

Orúkọ tí aráyé sọ ọ́ nìyẹn, Ìyá Funfun, ó sì tọ́ sí i. Aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú kékeré tó wà ní òpópónà wa, òun ló ń fọ̀ ọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé àlejò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, òun ni. Ẹ̀wù funfun àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òun ni. Bó bá sá wọn sórí òkè ilé, tí oòrùn bá ràn sí wọn lára, ojú ò gbà á. Ẹyẹ kan ń fò kọjá lọ́sàn-án gangan, ó rí aṣọ Ìyá Funfun, ó fi ìyẹ́ bo ojú, ó sì lọ forí sọ ògiri. Èmi ni mo he é.

Bí ènìyàn bá bi í léèrè irú ọṣẹ tó ń lò, á ní, "Ọṣẹ wo? Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ló ń fọṣọ. Èmi kàn ń bá wọn rù ú dókè ni."

Rírù yẹn gan-an ni iṣẹ́. Omi ẹ̀rọ kò dé òkè ilé wa. Nínú àgbàlá nísàlẹ̀ ló ti ń fọ̀, á fún aṣọ náà, á wá rù ú ní tútù gun àtẹ̀gùn dé òkè. Kí ìtàn yìí tó bẹ̀rẹ̀ rárá ló ti rẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní, "Ìyá Funfun, ẹ kú iṣẹ́ o," á ní, "Iṣẹ́ ò kú, Bàbá Rédíò. Èmi ló kù díẹ̀ kí n kú." Á rẹ́rìn-ín, á sì máa gùn ún lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti hunjọ, omi ọṣẹ ti jẹ èékánná rẹ̀ tán.

Bíríkìlà ni ọkọ rẹ̀. Ìdajì ilé tó wà ní àdúgbò wa, òun ló mọ ọ́n, bó sì ṣe ń mọ ilé ni sìmẹ́ǹtì ń mọlé tirẹ̀ sínú àyà rẹ̀. Nígbà tí mo ń wí yìí, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá mí, a máa ń dún fínfín bí ẹwìrì tó ti lu. Síbẹ̀, kì í jókòó lásán. Òun ló ń ká aṣọ tó bá gbẹ, ó sì ń ká a bí ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù, igun sí igun, kò sí èyí tó yọrí. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, aṣọ lẹ̀ ń ká o, ilé kọ́."

Báyìí ni wọ́n wà tí ìròyìn fi dé.

Rédíò mi ló gbé e dé, ẹni tó bá ní ibòmíràn lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, irọ́ ló ń pa. Lókè òkun, níbi tó jìnnà débi pé òru wọn ni ọ̀sán wa, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fi agbára átọ́ọ̀mù ṣe iná mànàmáná ti bú gbàmù. Èéfín ń lọ sókè. Eruku olóró kan wà nínú èéfín náà tí ojú kò lè rí, tí imú kò lè gbóòórùn, afẹ́fẹ́ sì ti ń gbé e lọ. Wọ́n ní kí àwọn tó wà nítòsí ibẹ̀ ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n má sá aṣọ síta, kí ọmọdé má ṣeré nínú koríko.

Gbogbo ilé pé sí ẹnu ọ̀nà mi. Wọ́n ní kí ni átọ́ọ̀mù. Mo ní ẹ jókòó. Mo ní átọ́ọ̀mù dà bí ìdílé: bí wọ́n bá wà pọ̀, ilé a tòrò, bí ẹnì kan bá fi tipátipá pín wọn, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Tísà tó ń gbé àjà kìíní wà níbẹ̀, ẹni tó lọ sí iléèwé gíga, ó ní òun ò tíì gbọ́ àlàyé tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n ó mi orí.

Tísà gbé àwòrán ilẹ̀ ayé jáde, ó fi ìka fa ọ̀nà afẹ́fẹ́ látòkèèrè wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Òkun kò ní ògiri. Ohun tó bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ lè dé ibikíbi."

Àwọn aláṣẹ tiwa sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, pé kó tó dé ọ̀dọ̀ wa yóò ti dà bí iyọ̀ tí wọ́n bù sókun. Wọ́n ní kí a má fòyà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ìgbà tí wọ́n bá ní ká má fòyà ni àyà ń já. Láti ọjọ́ náà, ojú sánmà ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí eruku lásán bá bà lórí fèrèsé, wọn á pe ara wọn wá wò ó.

Alága ló kọ́kọ́ lọ bá Ìyá Funfun. Alága ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ni mo ń wí, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í wọ ẹ̀wù tí kò ní sítáàṣì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ̀rù ló máa ń tètè bà á, ó sì máa ń pe ẹ̀rù náà ní òfin.

Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá ẹ̀wù mi síta mọ́."

"Níbo wá ni kí n sá a sí, Alága?"

"Inú ilé."

"Inú ilé wo? Yàrá kan ni mo ní, ọkọ mi ló ń gbé inú ẹ̀."

"Ẹ ṣá ṣètò ẹ̀. Ara mi ni ẹ̀wù yẹn ń kàn o, Ìyá. Ara mi!"

Kó tó di pé ọ̀sẹ̀ yẹn parí, ilé ìtọ́jú ti sọ bẹ́ẹ̀, ilé àlejò ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ẹyọ súwẹ́tà kan péré pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Kí ni obìnrin fẹ́ ṣe? Ó kan ìṣó mọ́ ògiri yàrá wọn, ó ta okùn láti igun dé igun, ó sá gbogbo aṣọ tútù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, sórí àga, sórí àdògán. Bíríkìlà wà nísàlẹ̀ wọn bí ẹni tó wà lábẹ́ odò. Bó bá fẹ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ ya aṣọ bẹ́ẹ̀dì sọ́tùn-ún, á ya sósì.

Ó ní, "Ìyá, ojú ọ̀nà dà nínú ilé yìí?"

"Ẹ máa bọ̀ níwájú, Bàbá. Bí ẹ bá kan ẹ̀wù nọ́ọ̀sì, ẹ yà."

Wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n ti fèrèsé. Alága gòkè wá wò ó, ó ní afẹ́fẹ́ ṣì ń gba etí fèrèsé wọlé sára ẹ̀wù òun. Ìyá Funfun ya àkísà, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi di gbogbo ojú ihò. Yàrá náà wá padé bí inú ìkòkò. Aṣọ kò gbẹ. Aṣọ tí oòrùn ń mú gbẹ kó tó di ọ̀sán, ó di ọjọ́ kejì, ó di ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èyí tó bá rùn, á tún rù ú sọ̀ kalẹ̀, á tún un fọ̀, á tún rù ú gòkè. Ó wá ń fi irin gbígbóná lọ aṣọ tútù kó lè gbẹ, ooru omi ń bo yàrá, ògiri ń làágùn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ méjèèjì yẹn náà ló ń ṣe é. Èébu dúdú bíi ti búrẹ́dì tó bu hù sí igun àjà lókè orí bẹ́ẹ̀dì. Ó nù ún, ó tún hù.

Mo pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Kò dá mi lóhùn pẹ̀lú àwàdà mọ́. Ó ní, "Hùn."

Ikọ́ Bíríkìlà wá le sí i. Ẹwìrì tó ń dún fínfín tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún gààràgà. Láti yàrá mi nísàlẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Bó bá wúkọ́, ife ń mì lórí tábìlì mi. Mi ò purọ́, ìṣó bọ́ lára ògiri lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Gbogbo ilé gbọ́ ikọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó rántí sìmẹ́ǹtì mọ́. Wọ́n ní, "Ó ti dé! Eruku olóró ti wọ ilé wa! Bíríkìlà ló kọ́kọ́ mú!" Àwọn tó ń dúró kí Ìyá Funfun lórí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìnujú bo imú sáré kọjá. Bí àìsàn náà ṣe ń le ni wọ́n ń rí i bí ẹ̀rí, bí wọ́n sì ṣe ń rí ẹ̀rí ni wọ́n ń ní kí Ìyá Funfun di ihò sí i.

Alága pe ìpàdé sí àgbàlá. Aránṣọ kan wà ní àjà kejì tí a ń pè ní Abẹ́rẹ́, nítorí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì ń gún ènìyàn. Ó dìde, ó ní, "Alága, ẹ dákun, ẹ là mí lóye. Eruku yìí kúrò lókè òkun, ó fo ìlú fo igbó, ó fo gbogbo ayé kọjá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, yàrá Bíríkìlà dà?' Ṣé nọ́ńbà ilé ló mú lọ́wọ́ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò dé inú.

Tísà ní, "Ẹ má fi ṣe àwàdà, Abẹ́rẹ́. Ara tí kò le tẹ́lẹ̀ ni nǹkan báyìí máa ń kọ́kọ́ bá jà." Òótọ́ nìyẹn náà, bí ẹ bá wò ó.

Ìpàdé pinnu pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn òkè ilé pa, kí ẹnikẹ́ni má gbé afẹ́fẹ́ òkè wọlé. Alága fi àgádágodo sí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Fèrèsé àtẹ̀gùn kan wà láàárín àjà kejì àti ìkẹta tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́ látijọ́. Wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Ìyá Funfun wà níbẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n bi í bóyá ó ní ọ̀rọ̀ kan. Ó ní, "Ẹ jẹ́ á ṣe kíá. Mo fi aṣọ sínú omi."

Ó mú ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú. Èrò pọ̀, gbogbo wọn ló ń bèèrè ọ̀rọ̀ eruku olóró. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn olómi nínú ìgò, ó ní kó má jẹ́ kí eruku fẹ́ sí ọkọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè pé irú yàrá wo ni wọ́n ń sùn. Ó délé, ó wá àkísà kún àkísà. Ẹni tó sá fún òjò tó lọ kó sódò, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé ọkọ rẹ̀ mọ́ inú ọ̀rinrin, ìfẹ́ ló sì fi ń ṣe é.

Bíríkìlà kò lè dùbúlẹ̀ mọ́. Ìjókòó ló ń sùn. Ètè rẹ̀ ń dúdú. Abẹ́rẹ́ gòkè lọ kí wọn, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan. Ó ní, "Bàbá Rédíò, ọkùnrin yẹn ń lọ o." Mo mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà mọ̀. Ó ń fọṣọ lọ ṣáá ni.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ru aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì gbẹ tán lọ sí ilé àlejò. Wọ́n ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dá a padà. Ó tún rù ú bọ̀. Èmi náà ń gòkè lọ lẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ lọ dá rédíò ẹnì kan padà. Mo kàn gbọ́ tí báàfù dún gbòlà lórí àtẹ̀gùn. Mo sáré. Ní ọjọ́ orí mi nígbà yẹn, bí mo bá ní mo sáré, ẹ mọ̀ pé mo fò ni.

Bíríkìlà ló wà nílẹ̀, láàárín àjà kejì àti ìkẹta, orí rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé tó fọ́ yẹn. Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó ti ya. Ìyá Funfun kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà láyà ọkùnrin náà. Mo ní ó parí nìyẹn.

Ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Bàbá Rédíò, ẹ gbọ́."

Mo ní, "Kí ni kí n gbọ́?"

"Ẹ tẹ́tí."

Mo tẹ́tí. Mo ní, "N kò gbọ́ nǹkan kan."

Ó ní, "Ohun tí mo ní kí ẹ gbọ́ nìyẹn."

Kò sí ẹwìrì, kò sí gààràgà. Àyà ọkùnrin náà ń lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Oorun ló ń sùn, ó gbalẹ̀ gbọọrọ, oorun tí kò sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ti fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú ihò ọ̀rá náà wọlé, ó ń fẹ́ sí i lójú, afẹ́fẹ́ yẹn gan-an tí gbogbo ilé ń sá fún.

Ó la ojú. Ó rí ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, má bínú. Yàrá yẹn ń mú mi lọ sísàlẹ̀ bí odò. Mo ní kí n wá yọ orí síta."

Ìyá Funfun ní, "Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ní ó lóró nìyí o, Bàbá."

Bíríkìlà tún fà á sínú. Ó ní, "Bó bá jẹ́ oró nìyí, bù sí i fún mi."

Ìyá Funfun kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó wá gbé báàfù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà Alága ní àjà kìíní. Mo tẹ̀ lé e.

Alága náà ti fi àkísà di ilẹ̀kùn tirẹ̀. Láti inú ilé ló ti dáhùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alága. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ òkè."

"Ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ìpàdé sọ."

"Mo gbọ́. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Kì í ṣe èmi ni mo pinnu. Bí mo bá ṣí i, tí ọmọ ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn nílé yìí, ta ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́? Ẹ sọ fún mi!"

Ìyá Funfun ní, "Alága, èmi ò mọ̀ bóyá oró wà níta. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Tísà ò mọ̀. Rédíò pàápàá ò mọ̀. Èyí tó wà nínú yàrá mi ni mo mọ̀, ó ń pa ọkọ mi."

Alága ní, "Ẹ jẹ́ ká pe ìpàdé lọ́la."

"Ọ̀la jìnnà."

Ó gbé báàfù sílẹ̀. Ó jókòó lórí aṣọ náà, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn Alága. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀ ná." Kí n tó sọ pé ó dáa, ó ti sùn.

Àwọn kan tó ń gbé ìtàn yìí kiri ní ńṣe ló dọ́gbọ́n, pé ó fẹ́ fi dí Alága lọ́nà ni. Irọ́ ni. Mo wà níbẹ̀. Oorun ló gbé obìnrin náà, bí omi ṣe ń gbé ewé. Ọjọ́ mélòó kan tí kò sùn ló kó jọ tó san án lẹ́ẹ̀kan.

Ilẹ̀kùn Alága, ìta ló ń ṣí sí. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, nínú àgbàlá ló wà. Mo rò pé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Kò pẹ́, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Alága tì í, kò ṣí. Ó tún tì í. Obìnrin kan àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù odindi ilé àlejò kan, ta ló fẹ́ tì í? Ó ní, "Ìyá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún. Mo fẹ́ kọjá." Ìyá Funfun ń hanrun. Ó ní, "Ìyá! Mo ní mo fẹ́ kọjá! Ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni!" Àwọn ará ilé ti ń jáde. Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Alága, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ jí i fún mi! Mo fẹ́ lọ sí ìsàlẹ̀!"

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe nísàlẹ̀?"

"Abẹ́rẹ́, má dán mi wò lónìí o!"

"Àbí ẹ kúkú pe ìpàdé?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Gbogbo àtẹ̀gùn ń rẹ́rìn-ín, èmi náà di ògiri mú. Rédíò tí mo gbé dání, mo tàn án sẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Ìyá Funfun, mo yí i sókè dé òpin; ẹyẹlé orí òrùlé ilé kejì fò dìde, obìnrin náà kò gbọ́. Tísà wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ̀n ọ́n lápá. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó yí ọwọ́ náà padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́, ibi tí awọ ti bó tó ti pupa. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí itan rẹ̀. Ó dìde, ó ní, "Ẹ jẹ́ ó sùn."

Ẹ̀rín tán. Gbogbo wa ń wo ọwọ́ yẹn. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò wọ aṣọ tí ọwọ́ ọ̀hún fọ̀.

Tísà kọjú sí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Alága, ẹ ti kọ́kọ́rọ́ òkè gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín lẹ́jọ́, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ ṣe é."

Lẹ́yìn náà a rí i tí àkísà abẹ́ ilẹ̀kùn ń mì. Wọ́n fà á wọlé, kọ́kọ́rọ́ sì yọ jáde.

A rọra wọ́ Ìyá Funfun àti ìtẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò jí. Alága bọ́ síta, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọmọdé, n kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. A gbé Bíríkìlà sórí àga lọ sókè ilé. Tísà fi ìnujú so imú rẹ̀ pa, ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n òun ló gbé ẹsẹ̀ àga iwájú. Èmi ni mo gbé ìyókù. Abẹ́rẹ́ fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà yọ lábẹ́ Ìyá Funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi aṣọ tirẹ̀ rọ́pò, ó sì lọ sá wọn sórí okùn.

Nígbà tí oòrùn ń lọ wọ̀ ni Ìyá Funfun tó jí. Kò rí aṣọ, ó sáré dé àtẹ̀gùn, kò rí ọkọ. Ó figbe ta. Ó gun òkè lọ, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Bíríkìlà wà lórí àga láàárín aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ètè rẹ̀ ti padà sí àwọ̀ rẹ̀, ó ń ká èyí tó ti gbẹ.

Ìyá Funfun wo ọkọ rẹ̀. Ó wo okùn. Ó ní, "Ta ló sá aṣọ báyìí? Ta ló sá a ní wúruwùru?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn sá.

Ṣé ẹ rò pé gbogbo ayé wá dára lẹ́yìn ìyẹn? Rárá o. Ilé àlejò kò padà wá mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ ní ọdún yẹn, àwọn mìíràn kò sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ mọ́ títí ayé. Alága wọ ẹ̀wù tó ti hunjọ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó kó wọn wá, ó ní bó bá ṣeé ṣe kó bá òun sá wọn sínú ilé. Ìyá Funfun ní, "Inú ilé, ènìyàn ló wà níbẹ̀." Alága fi wọ́n sílẹ̀ fún un.

Àti eruku olóró? Rédíò sọ ọ́ títí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sẹ́ni tó wá sọ fún ilé wa bóyá ó dé tàbí kò dé. Ó kàn ti rẹ gbogbo wa láti máa wo sánmà.

Àyà Bíríkìlà kò padà di tuntun, sìmẹ́ǹtì kì í jáde. Ṣùgbọ́n ó lo ọdún tó nítumọ̀ sí i, lórí àga yẹn, lórí òkè ilé. Bí iṣẹ́ bá parí, ìyàwó rẹ̀ a jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fẹ̀yìn ti ẹsẹ̀ àga, á di ojú. Ó ti rẹ àwọn méjèèjì. Aṣọ á máa fẹ́ lókè orí wọn.

Àwọn méjèèjì ti lọ sinmi báyìí. Alága náà ti lọ. Ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ wà láàyè, ní àjà kejì, yàrá tó kọjú sí àtẹ̀gùn, ó ń ránṣọ lọ pẹ̀lú awò ojú méjì lórí ara wọn. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi í. Yóò sọ fún yín pé òun pẹ̀lú Tísà ló gbé àga ọjọ́ náà, pé rédíò nìkan lèmi gbé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, àgbà ti dé sí i. Ìyókù tó bá sọ, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni.